Awọ Irin

Ní Sàmárù, bí ọyẹ́ bá ti dé,
eruku ni ọ̀gá àgbà ilé ìwádìí wa.
Kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Ó ń jókòó sórí ìwé, sórí ìpéǹpéjú,
sórí irin tí mo fi ọtí fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
Ẹyọ kan péré, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ti wọmi.

Òṣùwọ̀n mi nìyí: fa irun kan tu lórí rẹ,
là á sí ọgbọ̀n ọ̀nà,
mú ọ̀kan níbẹ̀, kí o fi bo irin.
Má rẹ́rìn-ín. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó...
o mọ ìyókù.

Bàbá mi, tó ń kun kẹ̀kẹ́ ní Ìlọfà, máa ń ní
ọ̀dà tí kò bá nípọn kì í pẹ́ lára irin.
Ó wù mí kó wà láyé, kí n bá a jiyàn.

Hánsátù sọ ẹ̀rọ wa ní Hàjíyá,
torí kò sẹ́ni tó lè ní kó ṣe kíá.
Wákàtí mẹ́rin ni pọ́ńpù fi ń fa atẹ́gùn inú rẹ̀,
títí ikùn rẹ̀ yóò fi ṣófo
ju àpò mi lọ ní ogúnjọ́ oṣù.
Nígbà náà la ó tó tú náítírójìn sí i, ìwọ̀nba,
iná elésè àlùkò yóò tàn lójú fèrèsé kékeré,
títáníọ́mù yóò máa fò kúrò lára àwo rẹ̀, wóró wóró,
yóò máa sùn sórí irin, ọ̀kan ti èkejì,
bí ọmọ ilé kéú lórí ẹní kan.

Lọ́jọ́ kan, iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.
Nígbà tí a ṣí Hàjíyá,
irin náà pupa, ó jọ aró, ó tún jọ ewé,
bí epo ọkọ̀ lójú ọ̀gbàrá.
Awọ ni mo ń wá, àwọ̀ ni mo rí.
Èékánná Hánsátù ló fi ha gbogbo rẹ̀ kúrò.

Málàm Zubairu, alágbẹ̀dẹ Tudun Wada,
ló gbé ọkọ́ kan wá, ó fi bébà sìmẹ́ńtì wé e.
"Yanrìn Gíwá ń jẹ irin mi bí ìrèké.
Ẹ wọ̀ ọ́ láwọ."
A wọ̀ ọ́ láwọ. Ó jáde, ó pọ́n yòò bí góòlù,
fáìlì yọ̀ lára rẹ̀, kò rí nǹkan kan gé.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo lọ bi í, oko ti ń lọ sí?
Ó mú mi wọ pálọ̀.
Ọkọ́ mi wà lára ògiri, lórí ìṣó,
láàárín aago àti àwòrán Mẹ́kà rẹ̀.
"Ta ló ń fi góòlù kọ ebè?" ló bi mí.
Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Málàm, ẹ jọ̀ọ́,
ẹ bá mi bà á jẹ́."

Òjò dé. Òjò lọ. Wọ́n kórè ọkà bàbà.
Ó padà wá pẹ̀lú bébà sìmẹ́ńtì kan náà,
ojú ń tì í.
"Ẹ má bínú, Madaam. Ó ti bó."
Létí ọ̀tún ni, kò ju èékánná ọmọńdinrín lọ,
ìyókù ń dán.
Mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ìkókó,
mo gbé e sábẹ́ awò,
mo ń ka ibi tó bó, ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan,
yanrìn ló kọ ọ́, ìwé rẹ̀ ṣe kedere.

Ó dúró lẹ́yìn mi, ó wúkọ́ díẹ̀.
Ó fẹ́ mọ ìgbà tí n óò dá a padà.
Ó ní ìṣó ṣì wà lára ògiri.